Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Tún Íjíbítì Àtijọ́ Kọ́: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo wo fídíò kan tí ó fi tẹ́ḿpìlì Karnak ní ilẹ̀ Íjíbítì hàn bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ́ ọ tán. Òrùlé rẹ̀ pé, àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sì kún ara àwọn òpó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwókù ni mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ lónìí. Ṣé àwọn tí ó ṣe fídíò náà ní ẹ̀rí fún ohun tí wọ́n fi hàn ni, àbí wọ́n kàn rò ó lọ́kàn ara wọn? — *Olùkọ́ ìtàn kan*

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ béèrè, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ó dà pọ̀ mọ́ ara wọn nínú àwòrán tí ẹ rí, tí ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀: ohun tí ó ṣì dúró títí di òní, ohun tí ó ti wó ṣùgbọ́n tí àfọ́kù rẹ̀ wà nílẹ̀, ohun tí ó ti parẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹnìkan ti ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí ó tó parẹ́, àti ohun tí ayàwòrán fi òye ara rẹ̀ gbé.

Ẹ jẹ́ kí a fi gbọ̀ngàn olópòó ńlá tí ó wà ní Karnak ṣe àpẹẹrẹ. Òpó 134 ni ó wà nínú gbọ̀ngàn náà. Àwọn 12 tí ó wà láàárín ga tó nǹkan bíi mítà 21, àwọn 122 yòókù sì kúrú jù wọ́n lọ. Nítorí náà, òrùlé àárín ga ju ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, inú àlàfo tí ìyàtọ̀ gíga yìí dá sílẹ̀ sì ni àwọn ọ̀mọ̀lé ìgbà náà gbé fèrèsé olókùúta sí kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé láti òkè. Díẹ̀ nínú àwọn fèrèsé náà ṣì wà ní ipò wọn. Ẹni tí ó bá wọn òpó, tí ó wọn fèrèsé, tí ó sì wọn àwọn òkúta gbọọrọ tí ó so òpó kan mọ́ èkejì, kò ní láti méfò nípa ibi tí òrùlé wà, nítorí pé àwọn òkúta náà ti fi hàn án.

Iṣẹ́ wíwọ̀n yìí gan-an ni ẹ̀rọ ti mú yára tí ó sì ti mú péye. Ẹ̀rọ sikánà máa ń ta ìmọ́lẹ̀ lésà sára ògiri, yóò sì fi bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe padà ṣírò ibi tí àìmọye àmì wà lójú ògiri náà, títí gbogbo kọ́rọ́ àti pàlàpálá rẹ̀ yóò fi hàn nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kejì kò béèrè ju kámẹ́rà lọ. A ó ya ohun kan ní ọ̀pọ̀ fọ́tò láti igun oríṣiríṣi, fọ́tò kọ̀ọ̀kan yóò sì tún gba apá kan nínú ohun tí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ti yà. Kọ̀ǹpútà yóò wá àwọn àmì tí ó fara hàn nínú fọ́tò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì fi bí ipò wọn ṣe yàtọ̀ láti fọ́tò kan sí èkejì mọ bí wọ́n ṣe jìnnà tó.

Ní ti àwọ̀, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣiyèméjì jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ. Lábẹ́ àwọn òkúta òkè ní Karnak, níbi tí oòrùn àti iyanrìn kò ti lágbára tó bẹ́ẹ̀, ọ̀dà àtijọ́ ṣì wà tí ojú lásán lè rí. Níbi tí ojú kò bá ti rí nǹkan mọ́, ẹ̀rọ lè rí i. Búlúù tí àwọn ará Íjíbítì máa ń fi bàbà, iyanrìn àti òkúta ẹfun sun nínú iná ní ìwà kan tí ó yani lẹ́nu: bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ lásán sí i, yóò tú ìmọ́lẹ̀ infrared jáde. Ojú ènìyàn kò lè rí ìmọ́lẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí a ṣètò fún un lè rí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rún bíńtín tí ó kù sínú ihò òkúta yóò fi tàn yanran nínú àwòrán. Pupa àti yẹ́lò wá láti inú ilẹ̀, dúdú sì wá láti inú èédú. Àwọn ọ̀dà tí wọ́n ń lò kò pọ̀, wọ́n sì ní òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé nípa ohun tí ó yẹ kí a fi àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kùn, nítorí náà ibi tí ayàwòrán ti lè ṣìnà kò fẹ̀ púpọ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi. Tẹ́ḿpìlì Dendur, tí wọ́n kọ́ nígbà ayé Augustus tí í ṣe olú-ọba Róòmù, wà ní mùsíọ́mù Metropolitan ní New York lónìí, nítorí pé Íjíbítì fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1965. Omi ìdídò Aswan ti fọ àwọ̀ rẹ̀ dànù tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n Aylward Blackman, onímọ̀ nípa Íjíbítì àtijọ́, ti ṣe àyẹ̀wò tẹ́ḿpìlì náà ní 1906, ó sì ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó rí. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù náà fẹ́ fi àwọ̀ rẹ̀ han aráyé, wọn kò fi búrọ́ọ̀ṣì kan òkúta náà. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ni wọ́n tàn sára ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tí a gbẹ́ sára ògiri rẹ̀. Bí wọ́n bá pa iná náà, òkúta yóò padà sí bí ó ti wà. Bí ẹ̀rí tuntun bá sì fi hàn pé àwọ̀ kan kò tọ̀nà, wọn yóò yí i padà láì ba nǹkan kan jẹ́.

Ohun kan tún wà tí kọ̀ǹpútà lè ṣe tí ọ̀mọ̀lé kò lè ṣe láéláé. Nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ Karnak, tí ọba kan ń wó ohun tí ọba mìíràn kọ́. Inú ẹnubodè ńlá kẹta, tí Amenhotep Kẹta kọ́, ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí òkúta ilé-ìsìn funfun tí Senusret Kìíní ti kọ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ rí ilé-ìsìn yẹn ní ipò rẹ̀ àtijọ́, ohun tí àwọn ọba ẹ̀yìn kọ́ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Iṣẹ́ Digital Karnak, tí àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì UCLA ní California ṣe, yanjú ọ̀ràn yìí nípa fífi tẹ́ḿpìlì náà hàn láti ìgbà ọba kan sí ìgbà ọba mìíràn, tí ènìyàn fi lè rí bí ilé kan ṣe ń gòkè tí òmíràn sì ń wó lulẹ̀.

Fún ohun kẹta nínú mẹ́rin tí mo mẹ́nu bà, èyí tí ó ti parẹ́ ṣùgbọ́n tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, ẹ wo tẹ́ḿpìlì kékeré Amenhotep Kẹta ní erékùṣù Elephantine. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó bá àwọn ọmọ ogun Napoleon, ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé, lọ sí Íjíbítì láàárín 1798 sí 1801 wọ̀n ọ́n, wọ́n sì yà á. Ní nǹkan bí 1822, wọ́n wó o kanlẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ́ nínú kọ̀ǹpútà nípa tẹ́ḿpìlì yẹn lónìí, orí bébà àwọn ayàwòrán wọ̀nyẹn ni ó dúró lé.

Nítorí náà, fídíò tí ẹ rí lè jẹ́ òótọ́ lọ́nà púpọ̀. Ohun tí ó ń dùn mí nípa ọ̀pọ̀ irú fídíò bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fi ọ̀dà kan náà kun ohun tí a mọ̀ dájú àti ohun tí a rò, tí olùwòran kò sì ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Ìbéèrè: Bí ilé kan bá ti wó pátápátá, tí wọ́n sì ti kó òkúta rẹ̀ lọ fi kọ́ ilé mìíràn, ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà lè tò ó padà? — *Òǹkàwé kan tí ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà*

Ìdáhùn: Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò sì dúró de ìgbà tí kọ̀ǹpútà wọ ilé onílé kí ó tó ṣe é. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí, nítorí òun ni mo kà sí gbòǹgbò gbogbo iṣẹ́ tí a ń sọ.

Akhenaten, Fáráò tí ó jọba ní nǹkan bí 1353 sí 1336 ṣáájú ìbí Kristi, kọ́ àwọn tẹ́ḿpìlì fún Aten, òòṣà oòrùn, ní ìhà ìlà-oòrùn Karnak ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba rẹ̀. Kí iṣẹ́ náà lè yá, òkúta kéékèèké ni wọ́n lò, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 52, tí ọkùnrin kan sì lè dá gbé. Talatat ni orúkọ tí a ń pe àwọn òkúta wọ̀nyí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn tí ó padà sí ìsìn àtijọ́ wó àwọn tẹ́ḿpìlì náà, Fáráò Horemheb sì kó òkúta wọn sínú àwọn ẹnubodè ńlá tí òun ń kọ́ ní Karnak. Wọ́n fi ohun tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ pamọ́ kúrò lọ́wọ́ oòrùn àti òjò, wọn kò sì mọ̀.

Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ẹnubodè náà láti tún wọn ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta ni ó jáde, apá ọnà kékeré kan ni ó sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ kan níhìn-ín, ìtànṣán oòrùn kan lọ́hùn-ún, ìlàjì ojú, etí adé. Ní 1966, Ray Winfield Smith, ará Amẹ́ríkà kan, dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn mùsíọ́mù Yunifásítì Pennsylvania. Àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ya fọ́tò nǹkan bíi 35,000 òkúta ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n kọ ohun tí ó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní àmì tí ẹ̀rọ lè kà, wọ́n sì gbé e fún kọ̀ǹpútà IBM ní Cairo. Kọ̀ǹpútà yẹn kò rí àwòrán kankan rárá. Bí a bá sọ fún un pé kí ó kó gbogbo òkúta tí ó ní apá adé kan, tí ojú sì kọ sí ọ̀tún, jọ síbì kan, yóò fún ni ní nọ́ńbà wọn, ènìyàn ni yóò sì tẹ́ àwọn fọ́tò náà síwájú, tí yóò máa fi etí ọ̀kan kan ti èkejì títí wọn yóò fi bá ara wọn mu.

Ohun tí wọ́n rí yí ohun tí a mọ̀ nípa ìgbà Akhenaten padà. Wọ́n rí i pé Nefertiti, ayaba, fara hàn lára àwọn òkúta wọ̀nyẹn ju ọkọ rẹ̀ lọ, àti pé ilé-ìsìn kan wà tí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ nìkan ti ń rúbọ sí Aten, tí ọba kò sì sí níbẹ̀. Kò sí ìwé àtijọ́ kan tí ó sọ èyí fún wa. Títo òkúta ni ó sọ ọ́.

Ẹ̀ka mìíràn nínú ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní ẹnubodè kẹsàn-án. Bí àwọn òṣìṣẹ́ Horemheb ṣe ń tú òkúta kúrò lára ògiri ni wọ́n ń kó o sínú ẹnubodè yẹn lẹ́sẹẹsẹ, nítorí náà àwọn tí ó jọ wà lára ògiri kan ṣì wà nítòsí ara wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dé mùsíọ́mù Luxor lè rí ògiri kan níbẹ̀ tí a fi 283 nínú wọn tò padà. Ẹ̀kọ́ tí ayàwòrán ilé lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ibi tí a ti gbé òkúta kan jẹ́ ẹ̀rí bíi ti ọnà tí ó wà lára rẹ̀. Bí a bá hú u láì kọ ipò rẹ̀ sílẹ̀, kò sí sọ́fítíwíà tí yóò dá ìmọ̀ náà padà.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ẹ̀dà ibojì Fáráò Tutankhamun wà ní Luxor tí àwọn àlejò ń lọ wò. Kí ni ìwúlò ayédèrú nígbà tí ojúlówó wà nítòsí? — *Òǹkàwé kan*

Ìdáhùn: N kò ní pè é ní ayédèrú, nítorí ayédèrú máa ń fẹ́ tan ènìyàn jẹ, èyí kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Howard Carter, awalẹ̀pìtàn ará Bìrìtìkó, ṣí ibojì náà ní 1922, láti ìgbà náà ni ẹ̀mí àlejò, òógùn wọn àti eruku ẹsẹ̀ wọn ti ń wọ yàrá kékeré kan tí ó ti wà ní títì pa fún ohun tí ó lé ní 3,000 ọdún. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Factum Arte láti Madrid bẹ̀rẹ̀ sí í fi lésà wọn ògiri yàrá ìsìnkú náà láì fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú ìpéye tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ìwọ̀n náà ṣe ṣí ní 2014 nítòsí ilé tí Carter gbé. Àwọn ojú àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó wà lára ògiri ojúlówó wà lára ẹ̀dà náà pẹ̀lú.

Ohun tí ó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe nípa apá ògiri kan tí ó ti sọnù. Carter wó apá kan nínú ògiri gúúsù kí ó lè kó ẹrù jáde, àwòrán abo-òrìṣà Isis sì bá a lọ. Fọ́tò tí Harry Burton, ayafọ́tò Carter, yà kí wọ́n tó wó o nìkan ni ó kù. Àwọn oníṣẹ́ náà fi fọ́tò yẹn tún àwòrán náà ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bí ẹni pé kò ṣí kúrò níbẹ̀ rí. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé e kọ́, kí àlejò lè mọ èyí tí wọ́n wọ̀n àti èyí tí wọ́n tún dá.

Ìwúlò mìíràn jáde láti inú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò retí. Wọ́n gbé ìwọ̀n ògiri náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní 2015 sì ni Nicholas Reeves, ọ̀mọ̀wé ará Bìrìtìkó, sọ pé òun rí ìlà ẹnu-ọ̀nà tí a dí pa lára rẹ̀, pé bóyá Nefertiti ni ó wà lẹ́yìn ògiri. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú rédà léraléra, àwọn onímọ̀ láti Turin tí Francesco Porcelli darí sì kéde ní 2018 pé kò sí yàrá kankan níbẹ̀. Èrò náà kò fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbóríyìn fún bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé ohun tí gbogbo ènìyàn lè wò ni wọ́n fi ń jiyàn.

Bí ẹ bá tún fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀dà lè gbà là, ẹ wo ibojì Fáráò Seti Kìíní. Nígbà tí Giovanni Belzoni, ará Ítálì tí ń wá ohun àtijọ́, wọ inú rẹ̀ ní 1817, àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán. Ó fi ìda tẹ ara ògiri láti gba ẹ̀dà ọnà ibẹ̀, ìda náà sì bọ́ àwọ̀ lọ. Àwọn mìíràn gé apá ògiri kan lọ sí Paris àti Florence, pósí òkúta ọba náà sì wà ní London. Àwọn àwòrán tí Belzoni àti Alessandro Ricci fi ọ̀dà yà, tí ó wà ní Bristol nísinsìnyí, wà lára ẹ̀rí tí ó sọ fún wa bí àwọ̀ náà ti rí. Kí a kó ìwọ̀n gbogbo ohun tí ó ti fọ́n ká wọ̀nyí jọ sínú kọ̀ǹpútà kan ni ọ̀nà tí a fi lè rí ibojì náà ní odindi, nítorí pé kò dájú pé àwọn ìlú wọ̀nyẹn yóò kó ẹrù wọn padà láìpẹ́.

Ìbéèrè: Ta ni ó ni ìwọ̀n tí sikánà bá gbà lára ère àtijọ́? — *Agbẹjọ́rò kan*

Ìdáhùn: Òfin orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ẹ̀yin ni ẹ sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Èrò mi ni pé ẹni tí ó ṣe ère náà ti kú láti ohun tí ó lé ní 3,000 ọdún, kò sì yẹ kí ẹni tí ó kàn wọ̀n ọ́n máa ṣe bí ẹni pé òun ni ó gbẹ́ ẹ. Ère orí Nefertiti, tí Ludwig Borchardt, awalẹ̀pìtàn ará Jámánì, wú jáde ní Tell el-Amarna ní Íjíbítì ní 1912, wà ní Berlin. Olùwádìí kan láti Amẹ́ríkà, Cosmo Wenman, lo òfin ẹ̀tọ́ sí ìsọfúnni ní Jámánì fún ọdún bíi mẹ́ta kí wọ́n tó fi ìwọ̀n ère náà lé e lọ́wọ́, ó sì gbé e síta fún gbogbo ènìyàn ní 2019. Wọ́n ti kọ àṣẹ ìlò sí ìsàlẹ̀ ère inú kọ̀ǹpútà náà, pé kí ẹnikẹ́ni má fi ṣòwò. Inú mi dùn pé ó jáde, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kì í ṣe ère, Íjíbítì kò sì tíì jáwọ́ nínú bíbéèrè pé kí wọ́n dá ère náà padà. Ohun tí ó fún mi ní ìrètí ju ti Berlin lọ ni ilé kan tí Hassan Fathy, ayàwòrán ilé ará Íjíbítì, yà ní Luxor, tí a ń pè ní Stoppelaëre, tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì ṣí ní 2017 láti máa kọ́ àwọn ọmọ Íjíbítì fúnra wọn ní iṣẹ́ sikánà.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya ilé, mo sì fẹ́ fi ibojì kan ní Giza dánra wò. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — *Akẹ́kọ̀ọ́ kan*

Ìdáhùn: Bẹ̀rẹ̀ láti Digital Giza, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì kan tí Yunifásítì Harvard ń bójú tó, tí Peter Der Manuelian sì ń darí. Fọ́tò, ìwé àkọsílẹ̀ àti àwòrán ìwọ̀n tí George Reisner, awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ní Giza ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dábàá ibojì ayaba Meresankh Kẹta, nítorí pé o lè rìn kiri inú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o sì fi iṣẹ́ rẹ wé e.

Kí o tó ya ohunkóhun, ka bí wọ́n ṣe tún àga ayaba Hetepheres, ìyá Fáráò Khufu, ṣe. Nígbà tí wọ́n rí ibojì rẹ̀ ní 1925, igi àga náà ti jẹrà di eruku. Wúrà pẹlẹbẹ àti àwọn ègé aláwọ̀ tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ nìkan ni ó kù, wọ́n sì fọ́n ká ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Reisner kọ ipò ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ohun tí wọ́n kọ ni àwọn ará Harvard fi ya àga náà sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tí ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí sì fi gé igi kédárì, títí wọ́n fi ní odindi àga lọ́wọ́.

Àwọn onímọ̀ ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní London Charter, tí ẹ̀dà rẹ̀ tí a ń lò jáde ní 2009. Ó béèrè pé kí ẹni tí ó bá tún ohun àtijọ́ kọ́ nínú kọ̀ǹpútà kọ ìdí tí ó fi yan ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nítorí náà, ṣí ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Fún ògiri kọ̀ọ̀kan, òpó kọ̀ọ̀kan àti àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kọ fọ́tò tàbí àwòrán ìwọ̀n tí o ti rí i síbẹ̀. Ibi tí o kò bá rí ẹ̀rí fún, kùn ún ní àwọ̀ eérú lásán, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ọ́ láti fi ọnà bò ó.